Owó Ìrànwọ́ Àgbẹ̀ àti Ìwé Orúkọ tí Ará Ìlú Kì Í Rí

Àsọyé fún ìpàdé ẹ̀kọ́ àwọn Mùsùlùmí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

  

Ẹ̀yin ẹlẹ́sìn Ìsìlámù lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Òṣòdì kì í ṣe abúlé àgbẹ̀. Ìsọlọ̀ kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ ebè. Ilé, ọjà, ilé iṣẹ́ àti ọkọ̀ ni ó kún ibẹ̀. Kí ni ó wá kan ará Òṣòdì nínú owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń yà sọ́tọ̀ fún àgbẹ̀ tí omi gbé oko rẹ̀ lọ? Ó kàn án láti ọ̀nà ikùn, ó sì kàn án láti ọ̀nà àpò. Bí omi bá bo oko ní Kogí tàbí ní Bẹ́núé, obìnrin tí ń se oúnjẹ tà ní Ìyànà Ìsọlọ̀ yóò mọ̀ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, nítorí iye tí ó ra kóńgò ìrẹsì lánàá kọ́ ni yóò bá a lọ́jà lónìí. Owó tí ìjọba sì ń pè ní owó ìrànwọ́, inú àpò gbogbo ìlú ni ó ti ń jáde: owó epo rọ̀bì ni, owó orí ni, owó tí ìjọba ń yọ lórí ọjà títà ni. Ẹni tí ó ra páálí ọṣẹ kan ní Òṣòdì ti dá nínú rẹ̀. Ẹni tí ó dá owó èésú sì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ẹni tí ó kó o.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2022 kò tíì jìnnà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ṣí dáàmù Lagdo, èyí tí wọ́n parí ní ọdún 1982 lórí odò Bẹ́núé. Òjò ti pọ̀ tẹ́lẹ̀, odò ti kún. Nígbà tí omi òkè tún dé bá a, ó ya sórí oko àti ilé. Láti ayébáyé ni Nàìjíríà ti ń gbèrò láti kọ́ dáàmù kejì sí Dasin Hausa ní ìpínlẹ̀ Adamawa, kí ó lè máa gba omi tí Lagdo bá tú sílẹ̀. Ogójì ọdún kọjá, dáàmù náà kò parí. Ní oṣù kẹwàá, omi gba ojú ọ̀nà ní Lọ́kọ́jà, àwọn ọkọ̀ tí ó kó oúnjẹ àti epo bẹntiróòlù sì dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọn tí ó kú nínú omíyalé ọdún náà ju 600 lọ. Àwọn tí ó sá kúrò nílé tó mílíọ̀nù 1.4. Ilé iṣẹ́ Olam, tí ó ní oko ìrẹsì ńlá ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, ń wo oko náà bí omi ti bò ó. Bí èyí bá lè dé bá ilé iṣẹ́ tí ó ní katakata, tí ó ní ẹ̀rọ, tí báńkì sì wà lẹ́yìn rẹ̀, báwo ni ti àgbẹ̀ tí ó yá owó gbin éékà méjì?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òkèèrè nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2010, nígbà tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, odò Ògùn kún dé Àjẹ́gúnlẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì sá kúrò nínú ilé wọn. Ẹ̀gbẹ́ odò yẹn náà ni àwọn tí ń gbin ẹ̀fọ́ tí Èkó ń jẹ wà.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Ọdún 2012 ni kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọdún náà ni ìjọba kéde iye owó ní gbangba, tí gbogbo ayé sì gbọ́. Omíyalé ọdún yẹn pa ènìyàn 363, ó sì lé ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 2 lọ kúrò nílé. Ní oṣù kẹwàá, Ààrẹ Goodluck Jonathan bá orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀, ó sì kéde bílíọ̀nù náírà 17.6. Bílíọ̀nù 13.3 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀, ìyókù jẹ́ ti àwọn àjọ ìjọba àpapọ̀. Wọ́n pín àwọn ìpínlẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin gẹ́gẹ́ bí omi ti ṣe wọ́n tó: àwọn kan gba mílíọ̀nù 500, àwọn kan 400, àwọn kan 300, àwọn tí ó kù gba 250. Ọ̀yọ́ wà nínú àwọn tí mílíọ̀nù 500 tọ́ sí, Èkó wà nínú àwọn tí 300 tọ́ sí. Yàtọ̀ sí èyí, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lábẹ́ Alhaji Aliko Dangote àti agbẹjọ́rò Olisa Agbakoba láti gba owó kún owó lọ́wọ́ àwọn olówó.

Ó yẹ kí wọ́n yin ìkéde náà, nítorí pé iye owó yé mùtúmùwà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ó dé kí ó tó dúró. Orúkọ ìpínlẹ̀ ni ó wà nínú rẹ̀. Orúkọ àgbẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ìkéde náà rin ìrìn àjò láti Àbújá, ó sì sùn sí ẹnu ọ̀nà ilé gómìnà. Láti ẹnu ọ̀nà yẹn dé inú oko, ta ni ó gbé e? Ìjọba ìbílẹ̀ wo ni ó gba mélòó? Abúlé wo? Ta ni ó gba àpò ajílẹ̀ márùn-ún, ta ni ó gba ẹyọ kan, ta ni ó gba àlàyé nìkan? Ọ̀nà yẹn ni ó ṣókùnkùn. Olè kì í sì í fẹ́ iná ìta.

Kì í ṣe pé Nàìjíríà ṣe aláìní àjọ. Lẹ́yìn ọ̀dá tí ó mú àríwá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ìjọba dá àjọ ìrànwọ́ pàjáwìrì sílẹ̀ ní ọdún 1976. Ní ọdún 1981, òfin ya apá kan sọ́tọ̀ nínú owó àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń jẹ, omíyalé àti ọ̀dá. Ní ọdún 1987 ni ètò adójútòfò fún àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1999, NEMA rọ́pò àjọ àkọ́kọ́. Ilé pọ̀, ọ́fíìsì pọ̀, ọkọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ sí lára pọ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ìwé kan ṣoṣo tí a lẹ̀ mọ́ ara ògiri ọjà abúlé, tí ó sọ pé: Lágbájá, ọmọ ilé báyìí, oko rẹ̀ tó báyìí, ohun tí ó gbà nìyí.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró díẹ̀ lórí ìwé náà, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo ìjàǹbá wà. Bí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn omíyalé, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni àgbẹ̀? Ṣé ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó san ìṣákọ́lẹ̀ tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ebè? Onílẹ̀ lè wà ní ìlú ńlá, kí ó máa gun ọkọ̀ tútù, kí àlejò tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ sì pàdánù iṣẹ́ ọdún kan. Bí ìwé bá jẹ́ ti onílẹ̀, owó yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tí omi kò ṣe ní nǹkan kan. Obìnrin tí ó gbin ẹ̀gẹ́ sí etí oko ọkọ rẹ̀ ńkọ́? Orúkọ ọkọ ni yóò wọ ìwé. Opó tí ọkọ rẹ̀ kú lọ́dún tí ó kọjá ńkọ́? Orúkọ òkú lè wà nínú ìwé kí ti alààyè má sí níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn àgbẹ̀ orí tábìlì yóò dé, àwọn tí kò ní ọkọ́ nílé rí, ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ alága ẹgbẹ́, tí alága sì mọ kánsẹ́lọ̀. Omi kò tíì fà tán ní pápá tí orúkọ wọn ti pé.

Kò sí ọ̀gá ní Àbújá tí ó lè mọ̀ wọ́n. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ bí wọ́n ti ń wá olóòótọ́, orúkọ ni ó ń rí, kò rí oko. Ẹni tí ó mọ̀ ni aládùúgbò. Ará abúlé mọ ẹni tí ó dáko àti ẹni tí kò dáko, ó mọ oko tí ó wà ní àbáwọ̀n odò àti èyí tí ó wà lórí òkè tí omi kò dé. Bí wọ́n bá lẹ ìwé náà mọ́ ara mọ́sáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà fún ọjọ́ méje kí wọ́n tó san kọ́bọ̀, abúlé fúnra rẹ̀ yóò yọ àwọn ayédèrú kúrò, yóò sì fi opó tí wọ́n gbàgbé kún un. Iṣẹ́ tí ọlọ́pàá mẹ́wàá kò lè ṣe ni. Èyí ni ìdí tí àwọn tí ń jẹun nídìí ìwé kì í fi í fẹ́ kí ìwé jáde síta.

Ará ìlú ńlá lè sọ pé abúlé ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí Òkè-Àfà wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí í bú ní bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Àwọn ènìyàn sá láì mọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn kan rí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ lódìkejì, wọ́n rò pé ibẹ̀ ni ààbò wà. Wọn kò mọ̀ pé kánáàlì ni ó wà láàárín, tí ewéko ti bo ojú omi rẹ̀ tí ó fi dà bí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ni ó rì síbẹ̀, àwọn ọmọdé ni ó pọ̀ nínú wọn, àròpọ̀ àwọn tí ó kú nínú ìjàǹbá ọjọ́ náà sì ju 1,000 lọ. Kí Ọlọ́hun kẹ́ àwọn tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ nínú wọn. Wọ́n sin ọ̀pọ̀ òkú pọ̀ ní Òkè-Àfà, wọ́n sì kọ́ ohun ìrántí síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ńlá ṣèlérí ìrànwọ́ fún àwọn tí ó kù lẹ́yìn. Síbẹ̀, bí ọjọ́ náà bá ti ń yí po lọ́dọọdún, tí àwọn ẹbí bá péjọ, ohùn kan náà ni ó máa ń jáde láti ẹnu àwọn opó àti òbí: pé ìlérí ni wọ́n gbọ́, pé ìrànwọ́ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó lè jẹ́ pé àwọn kan gbà. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé tí ó sọ ẹni tí ó gbà àti iye tí ó gbà ni ìbá parí àríyànjiyàn náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá lórí ohun tí ewé pépà méjì lè yanjú.

Láti Ìsọlọ̀ dé Mazamaza kò jìnnà, ẹ̀gbẹ́ Mile 2 ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, lẹ́yìn tí àrùn kòrónà ti há àwọn ènìyàn mọ́lé tí iṣẹ́ sì ti dáwọ́ dúró, àwọn èrò já wọ ilé ìkóǹkanpamọ́ kan níbẹ̀, wọ́n sì bá ìrẹsì, gàrí, nudù àti ṣúgà tí àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni fi ta aráàlú lọ́rẹ. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ìjọba ní òun kò fi oúnjẹ pamọ́, pé pínpín ni òun ń ṣe lọ́wọ́. Ìsìlámù kò fọwọ́ sí ìjálékùn, ẹnikẹ́ni tí ó gbé àpò ìrẹsì sórí lọ́jọ́ náà ní ohun tí yóò sọ níwájú Olúwa rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ìbá ti ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti lẹ ìwé kan mọ́ ara ilẹ̀kùn ilé náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́: iye àpò tí ó wọlé, àdúgbò tí yóò kàn, ọjọ́ tí yóò kàn án? Ẹni tí ó mọ̀ pé Ọjọ́bọ̀ ni ti àdúgbò òun kò ní í fọ́ ilẹ̀kùn ní ọjọ́ Ajé.

Ọ̀kan kù tí ó kan Èkó gan-an. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ìwé kan jáde síta láti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àánú àti òṣì. Ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù náírà 585 sínú àkáǹtì ènìyàn kan ṣoṣo. Owó náà jẹ́ ti àwọn aláìní ní Akwa Ibom, Cross River, Ògùn àti Èkó. Mínísítà náà ní òun kò ṣe ohun tí ó lòdì sí òfin. Ní ọjọ́ 8 oṣù kìíní, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ní kí ó lọ rọ́kún nílé, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà fún EFCC láti wádìí. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó kúrò nípò. Ẹ fi ti ẹ̀bi tàbí àre sílẹ̀. Àwọn aláìní Òṣòdì tí owó náà lè kàn kò mọ̀ pé owó kan wà, àfi ìgbà tí ìwé náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn akọ̀ròyìn.

Kí wá ni ẹ̀sìn sọ? Ní ọdún 18 lẹ́yìn Hijrah, èyí tí ó bọ́ sí ọdún 639, ọ̀dá ńlá mú ilẹ̀ Lárúbáwá. Ilẹ̀ gbẹ títí ó fi dà bí eérú, wọ́n sì ń pe ọdún náà ní ọdún eérú. Sayyidunā Umar ọmọ Khattāb, kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i, ni ó wà lórí àlééfà. Ó kọ̀wé sí Íjíbítì, Síríà àti Ìráàkì, oúnjẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ti Íjíbítì gba ojú òkun wá. Àwọn àlùfáà fẹ́ràn láti sọ bí Umar ṣe kọ ẹran àti òróró mọ́lùú sílẹ̀ títí àwọ̀ ara rẹ̀ fi yí padà. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ó kà. Ibn Saʿd ròyìn pé Umar ní kí wọ́n ka àwọn tí ó ń jẹun níbi tábìlì rẹ̀ ní Mẹ̀dínà, wọ́n sì jẹ́ 7,000. Ó tún ní kí wọ́n ka àwọn aláìsàn, obìnrin àti ọmọdé tí wọn kò lè wá, wọ́n jẹ́ 40,000. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ó ka àwọn tí kò lè dé ibi tí oúnjẹ wà. Ní ọdún náà kan náà, kò rán ẹnikẹ́ni láti gba sàká lọ́wọ́ àwọn darandaran. Nígbà tí òjò rọ̀, ó rán wọn láti gba ti ọdún méjì, kí wọ́n pín ti ọdún kan fún àwọn aláìní ibẹ̀, kí wọ́n sì gbé ti ọdún kan wá. Ìwé orúkọ tí ó là sílẹ̀ fún pínpín owó ìlú, orúkọ wà níbẹ̀, ìpín olúkúlùkù sì wà níwájú orúkọ rẹ̀.

Ṣáájú Umar, Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, rán ọkùnrin kan láti ẹ̀yà Azd láti lọ gba sàká. Ó padà dé, ó pín ẹrù sí méjì, ó ní apá kan jẹ́ ti ìlú, apá kejì jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun kò pè é sí kọ̀rọ̀. Ó gun mínbárì, ó sì bi gbogbo ènìyàn léèrè bóyá ẹ̀bùn náà ìbá wá bí ọkùnrin náà bá jókòó sílé bàbá tàbí ìyá rẹ̀. Bukhari àti Muslim ni ó gba hàdíìsì yìí wá. Orí mínbárì ni wọ́n ti ṣe ìṣirò owó ìlú, níwájú ẹni tí ó san án àti ẹni tí ó yẹ kí ó gbà á.

Àwọn kan yóò tako èyí, àtakò wọn kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Wọn yóò ní Súrà Bàkárà kọ́ni pé sàráà tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ni ó dára jù fún aláìní, pé lílẹ orúkọ mọ́ ògiri jẹ́ ìtìjú fún ẹni tí ó gbà á. Òótọ́ ni fún sàráà. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ṣàánú, kí ó fi pamọ́ títí ọwọ́ òsì rẹ̀ kò fi ní mọ̀. Ṣùgbọ́n gómìnà kò fi owó ara rẹ̀ ṣàánú, alága kò ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé fún un láti pín ni, àmánà ni, ìkọ̀kọ̀ nínú àmánà kò sì jọ ìkọ̀kọ̀ nínú sàráà. Bákan náà, àgbẹ̀ tí omi gbé oko rẹ̀ lọ kì í ṣe alágbe. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àjálù dé bá a, ìlú tí ó ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ ń gbé e dìde. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà fún ẹni tí kò ní oko tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, òun gan-an sì ni ìwé náà ń wá. Nọ́ńbà àkáǹtì àti nọ́ńbà tẹlifóònù kò pọn dandan lára ògiri; orúkọ, abúlé, ìwọ̀n oko àti iye owó ti tó.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti rí ohun tí irú gbangba bẹ́ẹ̀ lè tú jáde. Láti ọdún 2001 ni ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Environmental Working Group ti ń gbé orúkọ àwọn tí ó ń gba owó ìjọba fún oko jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú iye tí olúkúlùkù gbà. Ní ọdún 2006, ìwé ìròyìn Washington Post wádìí owó ìrànwọ́ tí wọ́n san fún àwọn olùsìn màlúù nítorí ọ̀dá. Wọ́n rí i pé òfin ètò náà kò bèèrè bóyá màlúù ẹnikẹ́ni kú tàbí kí koríko rẹ̀ gbẹ. Kí wọ́n ṣáà ti kéde àjálù ní àgbègbè rẹ̀, irú àjálù yòówù kí ó jẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2003, ọkọ̀ òfurufú Columbia fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú ọ̀run Texas, àwọn awòfurufú méje inú rẹ̀ sì kú. Ìjọba kéde àjálù ní àwọn àgbègbè tí àfọ́kù rẹ̀ já sí. Ni àwọn olùsìn màlúù ibẹ̀ bá di ẹni tí owó ọ̀dá tọ́ sí! Kò sí wòlíì tí ó fi èyí hàn wọ́n lójú àlá. Àkọsílẹ̀ owó sísan ni wọ́n kà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì yọ mọ́sáláṣí sílẹ̀. Àwọn Alhaji wà nínú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń kọ orúkọ àgbẹ̀, àwọn tí ń jókòó ní ìlà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Sàká àti ìrẹsì Rámàdán tí àwọn ọlọ́rẹ ń kó wá sí mọ́sáláṣí náà ń fẹ́ ìṣirò. Orúkọ àwọn aláìní kò níláti jáde níbẹ̀, nítorí sàráà ni. Ṣùgbọ́n iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkà sétí ìjọ. Kò sí bí ìjọ tí kò mọ iye tí ó wà nínú àpótí tirẹ̀ yóò ṣe dìde bi alága ìjọba ìbílẹ̀ léèrè.

Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ará ìlú láti fi bèèrè ni òfin òmìnira ìròyìn, tí Ààrẹ Jonathan fọwọ́ sí ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011. Ó ní kí iléeṣẹ́ ìjọba máa gbé àkọsílẹ̀ owó tí ó gbà àti èyí tí ó ná jáde láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bèèrè. Ẹni tí ó bá sì bèèrè kò níláti sọ ìdí. Ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fi ẹnu sọ ọ́, kí òṣìṣẹ́ ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ méje ni ìdáhùn gbọ́dọ̀ fi dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ìpínlẹ̀ kan ń sọ pé òfin náà kò kan àwọn; ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dájọ́ pé ó kan gbogbo wọn. Ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024 pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, nítorí náà alága tí ó bá ní ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni gbogbo owó wà, kí wọ́n fi ìdájọ́ yẹn hàn án.

Àwọn tí ó bá fẹ́ kọ̀wé láti àgbègbè yìí, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí: ọ̀tọ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀, ọ̀tọ̀ ni àwọn ìjọba ìdàgbàsókè Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ omíyalé àwọn àgbẹ̀, NEMA àti iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ni kí wọ́n kọ ọ́ sí. Kí ìwé náà kúrú: iye tí ó wọlé fún ìrànwọ́ ní ọdún báyìí, ọjọ́ tí ó wọlé, ìwé orúkọ àwọn tí ó gbà, iye tí olúkúlùkù gbà. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà kan, kí òṣìṣẹ́ tí ó gbà á fọwọ́ sí i, kí ó sì kọ ọjọ́ síbẹ̀. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ àṣírí ènìyàn ni. Òfin náà fi àyè sílẹ̀ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ó tún ní bí àǹfààní ìlú bá ju àṣírí lọ, kí wọ́n gbé e jáde. Bí wọ́n bá kọ̀, olùbéèrè ní 30 ọjọ́ láti gbé e lọ sí ilé ẹjọ́, ìtanràn ẹni tí ó bá fi ẹ̀tọ́ yìí dù ú láìtọ́ sì jẹ́ 500,000 náírà.